Ìwọ̀n férémù

ìwọ̀n férémù (àpólà-orúkọ). Iye férémù, ìyẹn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí fíìmù, fídíò tàbí eré kàtúùnù ń gbé kọjá lójú òǹwòran láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbólóhùn rẹ̀ ní kíkún ni *ìwọ̀n férémù ní ìṣẹ́jú-àáyá*. Nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ fídíò, lẹ́tà mẹ́ta, fps, ni ó sábà máa ń dúró fún un.

*Kí ẹ tó ya ìlà kan ṣoṣo, ẹ béèrè ìwọ̀n férémù tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán náà ń gbà.*
*Ẹnu àti ohùn kò bára mu mọ́, nítorí wọ́n yí ìwọ̀n férémù padà nígbà tí iṣẹ́ ti dé ìdajì.*

Férémù

Ọ̀rọ̀ àyálò ni férémù, lọ́dọ̀ káfíńtà àti ayafọ́tò sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, férémù ni igi, irin tàbí ike tí ó yí nǹkan ká: férémù ilẹ̀kùn, férémù fèrèsé, férémù fọ́tò, férémù awò ojú. Nínú iṣẹ́ fíìmù, ìtumọ̀ náà ti ṣí kúrò ní etí, ó ti bọ́ sí àárín. Àwòrán náà gan-an, odindi rẹ̀ láti igun dé igun, ni férémù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka *férémù kejìlá bàjẹ́* kò gbọdọ̀ wá igi tí ó ṣẹ́. Bí a bá na téèpù fíìmù àtijọ́ sí ìmọ́lẹ̀, a ó rí àwọn férémù náà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, tí ẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn nínú wọn fi díẹ̀ díẹ̀ yàtọ̀ síra. Kò sí èyí tí ń rìn nínú wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń kọjá ní nǹkan bí 10 sí 12 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ojú ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìrìn kan tí kò dá.

Ìwọ̀n, iye tàbí ìyára?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn ògbufọ̀ máa ń gbé síwájú férémù. *Iye férémù* dára fún àpapọ̀: *Iye férémù inú eré náà jẹ́ 4,320.* Ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa àkókò, bí a bá sì fi túmọ̀ fps, òǹkàwé lè rò pé gbogbo eré náà kò ju férémù 24 lọ. *Ìyára férémù* ni ó léwu jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ó ń mú kí ènìyàn gbà pé eré tí ó wà ní 60 ń sáré ju èyí tí ó wà ní 24 lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjàpá tí ó fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin kọjá ojú ọ̀nà yóò lo mẹ́rin yẹn nínú méjèèjì. Iye ìgbà tí a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wá kí ó tó dé òdìkejì ni ó yàtọ̀.

*Ìwọ̀n* ni a yàn níhìn-ín, bí a ti ń sọ *ìwọ̀n ìgbóná*. Òun náà ní àbùkù tirẹ̀: ìwọ̀n tún ń tọ́ka sí títóbi nǹkan, ẹlòmíràn sì lè gbọ́ *ìwọ̀n férémù* kí ó rò pé fífẹ̀ àti gíga àwòrán ni, bí 1920 sí 1080. Nítorí náà, kí ògbufọ̀ kọ gbólóhùn kíkún náà sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá lò ó nínú ìwé kan, kí ó sì máa pe ti títóbi ní *fífẹ̀ àti gíga férémù*. Lẹ́yìn èyí, kò sí ohun tí ó burú nínú kíkọ *ìwọ̀n férémù* lásán.

Ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù kò sí lára férémù rárá. Ara àkókò ni ó wà. Ìṣẹ́jú 60 ni ó wà nínú wákàtí kan, ìṣẹ́jú-àáyá 60 sì ni ó wà nínú ìṣẹ́jú kan. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe *ṣẹ́jú* ni a ti ṣẹ̀dá méjèèjì, ẹranko kan nínú ẹ̀yà ọ̀bọ sì ni àáyá: ìṣẹ́jú tirẹ̀ yá ju ti ènìyàn lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn mìíràn ń gé ìṣẹ́jú-àáyá kúrú sí *ìṣẹ́jú*, wọ́n sì ń fi ọwọ́ tàbí ohùn jẹ́ kí olùgbọ́ mọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn. Ìwé kò ní ọwọ́. Ẹni tí ó bá kọ *férémù 24 ní ìṣẹ́jú kan* ti ní kí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì àbọ̀ kí òmíràn tó dé. Èyí kì í ṣe kàtúùnù mọ́, álúbọ́ọ̀mù fọ́tò ni. Bí òǹkàwé bá jẹ́ ẹni tí ó mọ *sẹ́kọ́ǹdù* dunjú ju ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ó sàn kí a lo sẹ́kọ́ǹdù ju kí a gé ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí méjì.

Òǹkà náà ní òfin tirẹ̀. *Férémù mẹ́rìnlélógún* àti *férémù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n* ni à ń sọ, kí òǹkà tẹ̀lé orúkọ. Ṣùgbọ́n *ọgbọ̀n férémù* àti *ọgọ́ta férémù*, kí òǹkà ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí ọgbọ̀n ọdún àti ọgọ́ta ọdún. *Férémù kẹrìnlélógún* yàtọ̀ sí *férémù mẹ́rìnlélógún*: ẹyọ kan ṣoṣo ni ti àkọ́kọ́, èyí tí ó wà ní ipò 24. Bí a bá fi nọ́ńbà kọ ọ́, kí nọ́ńbà tẹ̀lé orúkọ nígbà gbogbo: *férémù 30*, *férémù 29.97*. Kò sí èrè nínú kíkọ 29.97 ní ọ̀rọ̀.

Bí a ti ń yan ìwọ̀n férémù

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣí ètò kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń béèrè èwo ni ó dára jù nínú 24, 25, 30 àti 60. Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí iṣẹ́ náà yóò ti di wíwò. Láti mọ ìdí rẹ̀, ó pọn dandan kí a mọ ibi tí àwọn iye wọ̀nyí ti wá, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a yàn nítorí ẹwà.

Nígbà fíìmù aláìlóhùn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà, ìwọ̀n náà sì ń yàtọ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn: 16, 18, 20, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú máa ń gbójú fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Etí kì í gbà. Nígbà tí ohùn wọ fíìmù ní apá ìparí àwọn ọdún 1920, ìyára tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀ yóò mú ohùn akọrin gòkè sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó di dandan kí sinimá fìdí múlẹ̀ sórí iye kan, 24 sì ni iye náà. Títí di òní, òun ni ìwọ̀n férémù sinimá káàkiri ayé. Nígbà tí Peter Jackson gbé *The Hobbit: An Unexpected Journey* jáde ní 48 ní ọdún 2012, ọ̀pọ̀ òǹwòran ló ráhùn pé ó mọ́ lójú jù, pé ó jọ fídíò orí tẹlifíṣọ̀n. Ojú tí 24 ti mọ́ lára kò fẹ́ mìíràn.

Amóhùnmáwòrán kò tẹ̀lé sinimá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti so ìwọ̀n férémù rẹ̀ mọ́ iná mànàmáná. Níbi tí iná ń lọ tí ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, férémù 25 ni. Níbi tí ó ti jẹ́ ìgbà 60, férémù 30 ni. Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Bìrìtéènì wà ní apá 25. Amẹ́ríkà, Kúbà àti Bràsíl wà ní apá kejì. Bràsíl tilẹ̀ gba ìlànà àwọ̀ tí a ṣe ní Jámánì, èyí tí ó bá 25 rìn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ó so ó mọ́ iye férémù ti apá Amẹ́ríkà, a sì ń pe àdàlù yìí ní PAL-M. Ààlà yìí là àárín àwọn tí ń sọ Yorùbá tàbí tí ń fi í jọ́sìn já. Eré kàtúùnù tí a ṣe ní 25 fún tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn kò ní wọ tẹlifíṣọ̀n ní Bahia láìjẹ́ pé ẹnì kan yí i padà.

Iye 30 ti Amẹ́ríkà pàápàá kò pé 30 mọ́. Ní ọdún 1953, nígbà tí wọ́n fi àwọ̀ kún amóhùnmáwòrán, wọ́n gé ìdá kan nínú 1,001 kúrò lára rẹ̀ kí ìgbì àwọ̀ má baà dí ìgbì ohùn lọ́wọ́. Ohun tí ó kù ni 30,000 tí a pín sí ọ̀nà 1,001, èyí tí à ń kọ ní 29.97. Àbúrò rẹ̀ láti ìdí sinimá ni 23.976. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kọ 23.976 sínú ìwé àdéhùn, kí ògbufọ̀ má ṣe sọ ọ́ di 24 nítorí kí gbólóhùn lè dùn. Fún fídíò ìṣẹ́jú kan, ojú kò ní mọ ìyàtọ̀. Nínú eré oníwákàtí kan, ìyàtọ̀ náà tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ẹnu yóò sì ti kúrò lára ohùn tipẹ́tipẹ́.

Èyí tí ó rọrùn láti mú rìnrìn àjò

Bí ó bá dájú pé tẹlifíṣọ̀n kan ní Nàìjíríà tàbí ní Bìrìtéènì ni yóò gbé eré náà jáde, kí a fi 25 bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí a ó bá da àwòrán yíyà pọ̀ mọ́ fídíò ènìyàn tí a yà lábẹ́ gílóòbù: kámẹ́rà tí ó wà ní 25 ń bá ìlù iná 50 rìn, nígbà tí òmíràn lè mú kí ìmọ́lẹ̀ máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń ṣe kàtúùnù kò tíì mọ ẹni tí yóò ra iṣẹ́ wọn. Íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò kọ́kọ́ gbé e, lẹ́yìn náà bóyá àjọ̀dún fíìmù, lẹ́yìn náà bóyá tẹlifíṣọ̀n. Fún irú wọn, 24 ni ó bọ́gbọ́n mu jù, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò.

Láti 24 dé 25, a kò nílò láti dá férémù kankan tí ayàwòrán kò yà, a kò sì ní sọ ọ̀kan nù. A kàn ń jẹ́ kí eré náà yá díẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Fíìmù tí ó gba ìṣẹ́jú 90 ní sinimá yóò parí ní ìṣẹ́jú 86 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24 lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohùn yóò ga díẹ̀ bí a kò bá fi ẹ̀rọ fà á sílẹ̀. Fún Yorùbá, èyí kò pa ìtumọ̀ lára, nítorí ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ jùmọ̀ ń gòkè ni: ọkọ́ kò ní di ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà inú ìtàn lè dún bí ẹni tí a dín ọdún mélòó kan kù lọ́jọ́ orí. Láti 24 dé 30, a ó tún férémù kan fi hàn nínú mẹ́rin mẹ́rin, ìrìn rẹ̀ yóò sì kọsẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí ayàwòrán yà ṣì wà níbẹ̀. Láti 30 dé 25 ni wàhálà gan-an wà: férémù kan nínú mẹ́fà mẹ́fà gbọ́dọ̀ lọ, tàbí kí kọ̀ǹpútà po méjì pọ̀ di òjìji. Bí férémù tí ó lọ bá jẹ́ èyí tí igi kan bàtà Ìjàpá, òǹwòran yóò rí i tí ó ń ṣubú láìsí ohun tí ó kọlù ú.

Ìwà rere mìíràn tí 24 ní ni pé ó ṣeé pín. Ó ṣeé pín sí méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ àti méjìlá. Kò sí ohun tí a lè fi pín 25 dọ́gba yàtọ̀ sí márùn-ún. Ẹni tí kì í ya àwòrán kò ní mọ ohun tí èyí tó.

Àwòrán kan fún férémù méjì

Nínú kàtúùnù, iye férémù àti iye àwòrán tí a yà kì í ṣe ohun kan náà, ibí yìí sì ni ìtumọ̀ máa ń ṣìnà jù. Eré lè wà ní 24 kí ayàwòrán má sì ya ju àwòrán 12 lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí pé a fi àwòrán kọ̀ọ̀kan hàn fún férémù méjì. Ó lè ya mẹ́jọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún mẹ́ta. Àwọn ará Japan sọ èyí di ọ̀nà ìgbé-ayé kàtúùnù wọn nígbà tí Osamu Tezuka bẹ̀rẹ̀ *Tetsuwan Atomu* lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1963, tí eré kan ní láti jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú owó tí kò tó.

Èdè Yorùbá ní ìlò àpètúnpè tí ó dàbí ẹni pé a dá a fún iṣẹ́ yìí: *méjì méjì*, *mẹ́ta mẹ́ta*. Ṣùgbọ́n *ó ya àwòrán ní méjì méjì* lè túmọ̀ sí pé ó ń ya àwòrán méjì lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ìdàkejì ohun tí a fẹ́ sọ. *Ó ya àwòrán kan fún férémù méjì* gùn díẹ̀, kò sì ní ìtumọ̀ kejì. Èyí ni kí a kọ sínú ìwé ìlànà. Láàárín àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, *méjì méjì* tó.

Kì í ṣe àìní owó nìkan ni ó ń fa irú yíyàn bẹ́ẹ̀. Nínú *Spider-Man: Into the Spider-Verse* (2018), odindi fíìmù náà wà ní 24, ṣùgbọ́n ní apá ìbẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ṣe Miles Morales ní àwòrán kan fún férémù méjì, nígbà tí wọ́n ṣe Peter B. Parker, ọ̀gá rẹ̀, ní àwòrán kan fún férémù kan. Nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń fò láàárín igi, ojú òǹwòran rí i pé ọ̀kan mọ̀ ọ́n ṣe, èkejì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ẹnu ni kò yẹ kí a fi ṣe ọ̀wọ́n férémù. Ní 24, férémù kan gba nǹkan bí 42 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ní 25, ó gba 40 gẹ́lẹ́. Bí a bá fi àwòrán kan sí férémù méjì, ó ti tó 80, ó kéré tán. Nínú Yorùbá, b, m, p àti gb ni ètè máa ń pàdé fún, ìpàdé náà kì í sì pẹ́. Bí ó bá bọ́ sí àárín àwòrán méjì, òǹwòran yóò gbọ́ *bàbá* láti ẹnu tí kò pa dé rárá. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń jẹ́ kí ara àti aṣọ wà ní méjì méjì, kí ẹnu sì ní àwòrán tirẹ̀ fún férémù kọ̀ọ̀kan níbi tí ètè bá ti pàdé.

Ohun tí ìwọ̀n férémù ń ná ni

Ká mú ìtàn Ìjàpá kan tí ó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 180. Ní 24, férémù 4,320 ni. Ní 60, ó di 10,800. Ẹni tí ń fi ọwọ́ yà á ní 24, ní àwòrán kan fún férémù méjì, yóò ya 2,160. Bí ó bá jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún mẹ́ta, 1,440. Ẹni tí kọ̀ǹpútà ń bá ṣe àwòrán jáde, iṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní *rẹ́ńdà*, kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò náà. Bí férémù kan bá gba ìṣẹ́jú méjì, 4,320 yóò gba wákàtí 144, ọjọ́ mẹ́fà gbáko lọ́sàn-án lóru. 10,800 yóò gba wákàtí 360, ọjọ́ 15. Níbi tí iná ìjọba kì í dúró, jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, owó epo rẹ̀ sì lè ju owó tí wọ́n fẹ́ san fún eré náà lọ.

Kí wá ni 60 wà fún? Ó wà fún géèmù, fún eré ìdárayá, fún bọ́tìnì àti àtẹ tí ń yọ́ wọlé lójú fóònù. Ojú fóònù púpọ̀ ń tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, àwọn mìíràn sì ń ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. *Ìwọ̀n ìtúnyà* ni èyí, kì í ṣe ìwọ̀n férémù. Ohun èlò ni ó ni ìtúnyà, eré ni ó ni férémù. Nítorí pé 24 kò wọ inú 60 dọ́gba, fóònù bẹ́ẹ̀ máa ń fi férémù kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí ó tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kámẹ́rà bá ń rọra yí kọjá ìlú kan, ojú tí ó mọ iṣẹ́ yóò rí ìkọsẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá ń ṣe kàtúùnù fún fóònù nìkan, tí kò sì ní í gbé e lọ sí sinimá láéláé, lè fi ọkàn balẹ̀ lo 30, tí ó wọ inú 60 dọ́gba.

Ìdí tí a kò fi ń yí i padà láàárín iṣẹ́

Ètò bíi Blender máa ń ṣí ní 24 bí a kò bá fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ni kò kíyè sí i títí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún wọn yóò fi sọ pé 30 ni òun fẹ́. Wọ́n á wá yí nọ́ńbà náà, wọ́n á sì rò pé ó tán. Àmọ́ férémù ni ètò náà fi ń ka ìrìn. Ọwọ́ tí a fi férémù 48 gbé sókè lo ìṣẹ́jú-àáyá méjì ní 24. Ní 30, ìṣẹ́jú-àáyá 1.6 ni yóò lò. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yí nọ́ńbà, ó ń bá tirẹ̀ lọ bí ó ti wà. Nígbà tí onítàn bá fi máa dé ibi tí Ìjàpá ti ń kígbe, Ìjàpá yóò ti kígbe tán, yóò sì ti padà sílé. Ọ̀rọ̀ tí ó bá irú àṣìṣe yìí mu ni *ohùn ti yẹ̀ kúrò lára àwòrán*. *Ohùn pẹ́* kò tó, nítorí ohùn náà kò pẹ́. Àwòrán ni ó yá.

Àkíyèsí fún àwọn tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán

Àmì-àkókò bí 00:02:10:14 ní ọ̀wọ́ mẹ́rin: wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú-àáyá, férémù. Ọ̀wọ́ ìkẹyìn kì í ṣe ìdá ọgọ́rùn-ún. Nínú eré tí ó wà ní 24, ó ń lọ láti 00 dé 23, ó sì padà. Àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí ní .srt kì í ka férémù, ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n ń kọ; ti MicroDVD ni ó ń kọ nọ́ńbà férémù. Ìyàtọ̀ yìí kì í gba ògbufọ̀ lọ́wọ́ bí ẹ̀dà fídíò náà bá yàtọ̀ sí èyí tí ó lò. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ .srt tí a wọ̀n pẹ̀lú ẹ̀dà 25 tí a wá fi sábẹ́ ẹ̀dà 24 yóò máa ṣáájú ẹnu díẹ̀ díẹ̀, títí tí yóò fi tó ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá 36 ní ìparí fíìmù oníṣẹ́jú 90. Òǹwòran yóò ka ìdáhùn kí wọ́n tó béèrè.

Ìlànà kan tún wà fún 29.97 tí orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé à ń ju férémù nù. Kò sí férémù tí à ń jù nù níbẹ̀. Nọ́ńbà ni à ń fò: méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àfi ìṣẹ́jú tí ó bá jẹ́ ìkẹwàá. Àpapọ̀ rẹ̀ nínú wákàtí kan jẹ́ 108, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye náà gan-an tí aago férémù 30 fi ń rẹ̀yìn sí aago ògiri. *Ìfo-nọ́ńbà* ni kí a pè é. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ *a yọ férémù kúrò* lè mú kí olóòtú kan jókòó lóru kí ó máa wá àwòrán tí kò sọnù.